Owó Wákàtí ní Texas: Ta Ló Ní Ìjọba Kì Í Dá Sí I?

Ẹni tó bá wakọ̀ kúrò ní League City, tó gba títì I-45 lọ sí Houston tàbí tó kọrí sí Galveston, kò ní pẹ́ kan pátákó tó ń wá òṣìṣẹ́. Èyí tí ojú mọ̀ jù lọ ni ti Buc-ee's, ilé epo ràgàjì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 ní káúńtì Brazoria tó múlé ti Galveston. Lẹ́nu ọ̀nà wọn, iye tí òṣìṣẹ́ ń gbà ní wákàtí kan wà lára pátákó gàdàgbà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kàn fẹ́ ra omi tútù á ti mọ owó ẹni tó máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Owó náà lé ní ìlọ́po méjì iye tí òfin pè ní èyí tó kéré jù lọ. Dọ́là 7.25 kì í sí lára pátákó. Ta ni yóò dá a lóhùn?

Síbẹ̀, dọ́là 7.25 ni òfin ṣì wí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 ló gbé e gòkè lẹ́ẹ̀mẹta, láti 5.15 sí 5.85, sí 6.55, kó tó gúnlẹ̀ sí 7.25 lọ́jọ́ 24 oṣù Keje 2009. Ibẹ̀ ló jókòó sí. Láti ìgbà tí ìjọba Roosevelt ti fi sẹ́ǹtì 25 bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní 1938, kò pẹ́ tó báyìí rí kí wọ́n tó fi kún un. Ẹni tó bá ń fi wákàtí 40 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, tí kò sinmi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo láàárín ọdún, dọ́là 15,080 ló máa rí, kí ìjọba tó yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí 7.25 ń rà ní 2009 ti ń gbà ju dọ́là 10 lọ báyìí. Ọgbọ̀n ìpínlẹ̀ àti olú ìlú, Washington, ti kọjá ibẹ̀. Arkansas tó bá Texas pààlà ti dé 11, New Mexico ti dé 12. Texas ní tirẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin pé ohun tí ìjọba àpapọ̀ bá wí lòun náà wí, kò sì fi sẹ́ǹtì kan lé e.

Àwọn tí kò fẹ́ àfikún ní ìdáhùn kan tí kò ṣeé gbọ́n dànù. Wọ́n ní ọjà ti ṣe ohun tí òfin kò ṣe: nígbà tí òṣìṣẹ́ wọ́n lẹ́yìn àrùn Kòrónà, àwọn ilé ìtajà fúnra wọn ló gbé owó sókè, aṣòfin kankan kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ fún wọn. Kí wá ni àǹfààní òfin tó máa pàṣẹ ohun tí gbogbo ayé ti ń ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Ẹ yà sí Kemah, níbi tí àwọn ará League City ti máa ń lọ jẹ ẹja létí omi. Ẹni tó gbé abọ́ wá síwájú oníbàárà yẹn, òfin gba ọ̀gá rẹ̀ láyè láti san dọ́là 2.13 fún un ní wákàtí kan. Láti 1991 ni iye náà ti wà bẹ́ẹ̀. Tíìpù ló yẹ kó dí ìyókù. Bí kò bá dí i dé 7.25, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ tí òtútù mú, tí òjò kò dá, tí tábìlì mẹ́ta péré léèyàn jókòó sí, ta ni yóò jókòó ṣírò rẹ̀? Ṣé òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n tún pe òun síṣẹ́ lọ́la ni yóò máa ka sẹ́ǹtì mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́? Òfin tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí lọ́jọ́ 4 oṣù Keje 2025 mú owó orí kúrò lórí tíìpù dé ìwọ̀n kan. Ó dára. Àmọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kéré débi pé owó orí yẹn kò kàn án tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n mú kúrò fún un?

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ kì í ṣe àlejò ní káúńtì Galveston, tí League City wà. Ní ìlú Galveston ni Ọ̀gágun Gordon Granger ti kéde lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865 pé àwọn ẹrú Texas ti dòmìnira. Ohun tí àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún Juneteenth kì í sábà rántí ni pé ìkéde náà kò tán síbẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, agbanisíṣẹ́ àti alágbàṣe ni olówó ẹrú àti ẹrú àtijọ́ jẹ́ síra wọn, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira jókòó jẹ́ẹ́ síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gbowó. Iye owó náà ni kò sọ.

Ní 1966, àwọn tó ń kórè lóko ní àfonífojì Rio Grande fẹsẹ̀ rìn dé Austin, olú ìlú Texas, wọ́n ń bèèrè dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 ní wákàtí kan. Gómìnà John Connally pàdé wọn lójú ọ̀nà ní New Braunfels, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má retí òun ní Austin lọ́jọ́ àjọ̀dún òṣìṣẹ́. Wọ́n rìn débẹ̀ náà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Texas ṣe òfin owó iṣẹ́ tirẹ̀. Houston pẹ̀lú gbìyànjú: ní oṣù Kìíní 1997, wọ́n bi àwọn olùdìbò bóyá kí 6.50 di owó tó kéré jù lọ nínú ìlú, nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 4.75. Nínú olùdìbò mẹ́rin, ó lé ní mẹ́ta tó ní rárá.

Lónìí kò tilẹ̀ sí àyè irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí òfin Texas kò jẹ́ kí ìlú kankan dá iye tirẹ̀ lé àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni lórí. Ìgbìmọ̀ ìlú League City lè sọ bí pátákó ìpolówó ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Kò lè sọ iye tí ẹni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ pátákó náà máa gbà. Ohun tó kù fún ìjọba ìbílẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Káúńtì Harris, tí apá díẹ̀ nínú League City bọ́ sí, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025: ó fi dọ́là 20 ṣe owó tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, 21.65 fún ti àwọn kọngílá tó ń bá a ṣiṣẹ́. Lọ́dún kan náà, lọ́jọ́ àjọ̀dún òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Hilton Americas ní àárín Houston, tí wọ́n lé ní 400, dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń bèèrè dọ́là 23.

Ṣé àfikún kì í lé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Ó lè lé. Ọ́fíìsì tó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣírò owó sọ ní 2021 pé bí owó wákàtí bá fi di 15 káàkiri orílẹ̀-èdè náà, èèyàn 900,000 yóò jáde nínú òṣì, iṣẹ́ mílíọ̀nù 1.4 yóò sì pòórá. Lọ́dún yẹn kan náà ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé David Card gba ẹ̀bùn Nobel, lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni ìwádìí tí òun àti Alan Krueger ṣe nígbà tí New Jersey gbé owó láti 4.25 sí 5.05 ní 1992. Wọ́n fi àwọn ilé oúnjẹ kíákíá níbẹ̀ wé ti Pennsylvania, wọn kò rí i pé iṣẹ́ dín kù. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò wọ́n, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Ohun tó hàn kedere ni pé ìwọ̀n àfikún àti bí ó ṣe yára tó ló ń ṣe é. Ẹni tó bá fò láti 7.25 bọ́ sí 25 lọ́dún kan ti kó ìjàngbọ̀n bá olóúnjẹ kékeré tó gba kúùkù méjì. Òótọ́ ni pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ orí náà ti ń fọ́ láti 2009.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n kì í ṣe ilé epo tàbí ilé oúnjẹ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni. Èèyàn wa tó ń ṣe é kò lóǹkà ní Houston àti àyíká rẹ̀, láti Alief dé Pearland: ẹni tó ti ṣe tíṣà rí ní Ìbàdàn, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní báǹkì l'Ékòó, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Láàárọ̀ kùtù, fóònù ni wọ́n fi ń jẹ́rìí pé àwọn ti dé ilé aláìsàn. Wọ́n á wẹ̀ fún bàbá, wọ́n á pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, wọ́n á gbé e láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á fọ aṣọ ibùsùn. Wọ́n á tún wakọ̀ lọ sílé ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn a máa dun ẹni tó bá ṣe é pẹ́.

Fún irú iṣẹ́ yìí, èyí tí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún aláìní, ń sanwó rẹ̀, ìjọba Texas fúnra rẹ̀ ló ń kọ iye tó kéré jù lọ sínú ìṣúná. 8.11 ni tẹ́lẹ̀. Ní 2023 wọ́n gbé e dé 10.60. Láti oṣù Kẹsàn-án 2025, ó di 13. Ilé aṣòfin tó ní kí ìjọba má dá sí owó iṣẹ́ náà ló ṣe é. Kí ló mú wọn yí ohùn padà? Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìtajà tó ń kọ owó sára pátákó, àwọn aláìlera sì ń retí olùtọ́jú tí wọn kò rí. Torí náà, ìlànà pé ìjọba kì í dá sí i ti kú ní Austin. Ẹni tí wọ́n máa dá sí tirẹ̀ ló kù tí wọ́n ń yàn.

Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sanwó láti àpò ara wọn kò sí nínú 13 yẹn. Tirẹ̀ ṣì lè jẹ́ 7.25, ìyẹn pàápàá kò sì dá a lójú mọ́. Ní 2013 ni ìjọba Obama fi àwọn olùtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ iléeṣẹ́ sábẹ́ ààbò owó tó kéré jù lọ àti owó àṣekún. Ní oṣù Keje 2025, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé àbá jáde pé kí wọ́n tún yọ wọ́n kúrò.

Yorùbá tó ní iléeṣẹ́ ìtọ́jú náà wà, igbe tiwọn sì yàtọ̀: iye tí Medicaid ń san kì í tètè gòkè, owó ìbánigbófò ń gòkè. Ohùn wọn yẹ ní gbígbọ́. Bí ìjọba bá fi kún owó òṣìṣẹ́, kó fi kún owó tó ń san fún iléeṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Fún àwọn yòókù, kí Texas máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bí Arkansas ṣe ṣe é títí tó fi dé 11, kó wá so owó náà mọ́ ọ̀wọ́ngógó ọjà kó má tún sùn fún ọdún 16.

Àwọn ará ilé á máa bi àwọn èèyàn wa ní Texas pé kí ni wọ́n ń sunkún sí. Ní Nàìjíríà, 70,000 náírà lóṣù ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí lọ́jọ́ 29 oṣù Keje 2024. Bí dọ́là kan bá jẹ́ 1,500 náírà, ẹni tó ń gba 7.25 á ti pa ju ìyẹn lọ láàárín wákàtí méje. Ìṣirò náà péye, ìdí sì nìyí tí fóònù kì í fi sinmi lópin oṣù. Ṣùgbọ́n League City kì í gba owó ilé ní náírà. Ohun kan tún wà tí Nàìjíríà fi ju Amẹ́ríkà lọ níbí: òfin 2024 ní kí wọ́n máa tún owó náà yẹ̀ wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Ti Amẹ́ríkà kò ní ọjọ́. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn kò dúró de ẹnikẹ́ni ní 1954 tó fi sọ ṣílè márùn-ún lóòjọ́ di owó tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí ìyókù Nàìjíríà kò tíì san tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Florida fi ìbò gbé owó tiwọn lọ sí 15 ní 2020, lọ́jọ́ kan náà tí ìpínlẹ̀ wọn dìbò fún Trump. Òfin Texas kò fún ará ìlú ní irú àǹfààní yẹn. Ọwọ́ aṣòfin nìkan ló wà, wọn yóò sì tún jókòó ní oṣù Kìíní 2027. Gbogbo àga 150 ilé aṣojú-ṣòfin ni ìbò wà fún lọ́jọ́ 3 oṣù Kọkànlá 2026. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọmọ onílùú, ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó kù. Nígbà tí olùdíje bá wá kí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, ẹ má jẹ́ kó kàn ya fọ́tò lọ. Ẹ bi í pé bí 13 bá tọ́ sí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lórí owó Medicaid, kí ló dé tí kò tọ́ sí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ilé kejì?