Ìwé Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ìṣirò

Nígbà tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ìwé kan kì í sọnù nínú àkójọ ohun tí òbí gbọ́dọ̀ rà fún ọmọ tí kò tíì ju ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Ìwé ìṣirò ni, ṣùgbọ́n àlàfo ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A ti tẹ ìbéèrè sí i, a ti ya àpótí kékeré sí iwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọmọ kò sì ju pé kí ó kọ nọ́ńbà kan sínú àpótí náà lọ. Wọ́ọ̀kìbúùkù ni àwọn olùkọ́ ń pè é. Ìwé iṣẹ́ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ní Yorùbá. Àwọn tí ń tà á sọ pé òun ni ó ń kọ́ ọmọdé ní ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́. Ìwé iṣẹ́ lè dán ọmọ tí ó ti mọ ìṣirò wò. Kò lè mú kí ìṣirò yé ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwé tí ó bá fi í ṣáájú ń wá ìkórè lórí oko tí kò gbìn.

Kí òǹkàwé wọ kíláàsì kìn-ín-ní kan, èyíkéyìí tí ó bá wù ú, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àádọ́ta ọmọ jókòó, ìwé iṣẹ́ ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Kẹ́kẹ́ pa. Olùkọ́ ń kọ nǹkan sínú ìwé orúkọ. Ọ̀gá ilé-ìwé yọjú lójú fèrèsé, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ìròpọ̀ ni ó kún ojú ìwé náà: 1 + 1, 2 + 1, 3 + 1, títí dé 9 + 1. Ọmọ náà kọ 2, ó kọ 3, ó sì ti rí i pé àwọn ìdáhùn tẹ̀ lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Láti ìgbà náà kò wo ìbéèrè mọ́. Ó ń kọ nọ́ńbà bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́sàn-án. Bí a bá wá bi í pé kí ni ó dé tí 6 + 1 fi jẹ́ 7, yóò dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé nítorí pé 6 ni ó wà lókè rẹ̀ ni. Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpè. Ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rí ọ̀nà àbùjá tí ẹni tí ó ṣe ìwé náà là sílẹ̀ fún un láìmọ̀.

Ti ìyọkúrò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ya ẹyẹ márùn-ún sórí ẹ̀ka igi, a fa ìlà kọjá lára méjì, a sì béèrè pé mélòó ni ó kù. Ọmọ ka ẹyẹ náà láti ọ̀kan dé márùn-ún, ó sì kọ 5. Olùkọ́ fi bírò pupa sàmì pé kò tọ̀nà. Ta ni ó ṣì í ṣe, ọmọ ni tàbí ìwé? Àwọn ẹyẹ náà kò fò lọ sí ibì kankan. Márààrún ni ó ṣì wà lórí ẹ̀ka tí a yà wọ́n sí; a kàn fa ìlà lé méjì lára ni. Ìwé kò lè yọ ohunkóhun kúrò. Òkúta wẹ́wẹ́ lè ṣe é. Kí olùkọ́ fi òkúta márùn-ún sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, kí ó gba méjì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì fi wọ́n pamọ́ sẹ́yìn: ọwọ́ ọmọ náà fúyẹ́, ojú rẹ̀ rí àyè tí méjì náà fi sílẹ̀, bí ó bá sì bínú díẹ̀ nítorí pé a gba nǹkan rẹ̀, ìyọkúrò ti yé e nìyẹn.

Àmì = pàápàá ti di nǹkan mìíràn lójú ọmọ tí a fi ìwé iṣẹ́ tọ́. Nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpótí máa ń wà nígbà gbogbo, ó gbà pé ohun tí àmì náà ń wí ni pé, ‘Kọ ìdáhùn síhìn-ín.’ Bí a bá kọ 3 + □ = 5 fún un, yóò kọ 8 sínú àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni bí a bá kó ọsàn mẹ́ta síwájú ọmọ kan náà, tí a sì bi í pé, ‘Mélòó ni ó kù kí ó pé márùn-ún?’ kò ní pẹ́ kí ó tó na ìka méjì sókè.

Ohun tí ó dunni jù ni pé kò yẹ kí ìròpọ̀ àti ìyọkúrò jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ ọmọ Yorùbá rárá. Èdè rẹ̀ ti fi méjèèjì sí i lẹ́nu. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, orí ẹ̀wá ni a ń lé nǹkan sí. Nígbà tí a bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kọ ojú sí ogún, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín in. Mẹ́rìndínlógún ni ogún tí ó dín mẹ́rin. Mọ́kàndínlógún ni ogún tí ó dín ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá pe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti sọ 30 − 3 jáde lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó fi pẹ́ńsù lé e lọ́wọ́. Ní 1887, ajíhìnrere ìjọ C.M.S. kan, Adolphus Mann, kọ̀wé nípa bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ṣe ń ṣe é: wọn a da ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀, èyí tí í ṣe 20,000, wọn a máa fa ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún, wọn a kó wọn jọ ní ogún ogún, títí yóò fi di igba. Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ mọ iye náà kí ẹnu tó pè é. Ṣùgbọ́n náítíìnì ni ìwé iṣẹ́ ń pè é fún ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì bá a sọ ohunkóhun nípa ogún.

Àwọn kan yóò ní ìkà Yorùbá ti wúwo jù fún ayé òde òní. Òtítọ́ ni pé ó di ẹrù bí ó bá ti kọjá igba dáadáa, àwọn onímọ̀ èdè sì ti dábàá oríṣiríṣi àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìṣirò tí ó ju igba lọ?

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí ohun èlò ìkọ́ni tí ó ju ìwé iṣẹ́ lọ, kí ó wo ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí yóò jẹ méjì tàbí mẹ́ta nílé ẹnìkejì gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ó tó kó ọmọ ayò nílẹ̀, ibi tí èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí. Ó gbọ́dọ̀ mọ iye tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì fi ọ̀kan kún un. Ọmọ ọdún méje tí ó ń bá bàbá àgbà ta ayò lábẹ́ igi ti ṣe ìṣirò tí yóò kún ojú ìwé mẹ́ta kí wọ́n tó pè é wá jẹun, kò sì sí ẹni tí ó lè rí ìdáhùn òkè wò nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ọmọ ayò, ìdérí ìgò wà. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ní 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, gbé ohun tí wọ́n rí ní ìlú Recife ní Bràsíì jáde. Wọ́n lọ bá ọmọ márùn-ún tí ń tajà ní òpópónà, wọ́n ra agbọn lọ́wọ́ wọn bí oníbàárà, wọ́n sì ń bi wọ́n ní iye owó àti ṣéńjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, bí 98 ni àwọn ọmọ náà ń gbà. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà lé wọn lọ́wọ́ lórí ìwé, láìsí agbọn, láìsí owó, ó já sí bí 37. Ọmọ márùn-ún kò pọ̀, alátakò sì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí alátakò náà ra ọsàn lọ́wọ́ ọmọ tí ń kiri ní Dùgbẹ̀, kí ó gbìyànjú láti gba ṣéńjì tí ó ju tirẹ̀ lọ.

Àwọn alátìlẹ́yìn ìwé iṣẹ́ ní àwíjàre kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ọmọ pọ̀ jù fún olùkọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún tọmọdé-tọmọdé. Kíláàsì kún, olùkọ́ kò tó, nǹkan kò sì tíì yí padà ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n ní ìwé iṣẹ́ ń mú ọmọ dákẹ́. Ó ń mú wọn dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní ìdákẹ́jẹ́ ni ẹ̀kọ́? Kí a pín àádọ́ta ọmọ sí ọ̀nà mẹ́wàá, kí ọmọ márùn-ún yí ogún òkúta ká, kí ọ̀kan máa kó kúrò, kí àwọn yòókù máa sọ iye tí ó kù. Olùkọ́ yóò máa rìn láàrin wọn. Kíláàsì bẹ́ẹ̀ yóò pariwo bí ọjà, ariwo yìí gan-an sì ni ó ń ba ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́rù ju àìmọ̀ ọmọ lọ.

Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní Amẹ́ríkà, Edward Thorndike kọ̀wé ní 1922 pé bí okùn tí a ń so ni ìṣirò rí, pé àṣetúnṣe ni ó ń mú kí okùn náà le. William Brownell dá irú èrò bẹ́ẹ̀ lóhùn ní 1935 pé ohun tí kò bá yé ọmọ, àṣetúnṣe kò lè fi ìtumọ̀ sí i. Ìwé iṣẹ́ tí a ń tà káàkiri lónìí ń bá ẹni àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé ẹnìkejì kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn èdè tún wà níbẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú; ìwé tí ó ròyìn rẹ̀ jáde ní 1989, ó sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà tí Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni Ìjọba Àpapọ̀ fagi lé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n fífagilé náà kò sọ pé kí olùkọ́ má bi ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀ pé mélòó ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a dáná sun ìwé iṣẹ́. Ọmọ tí ó bá ti lè fi òkúta ṣe ìròpọ̀ dé ogún, tí ó lè yọ kúrò nínú rẹ̀, tí ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣe, ìwé iṣẹ́ lè mú ọwọ́ rẹ̀ yá. Sáà kẹta yá tó fún un, ojú ìwé díẹ̀ sì tó. Kódà nígbà náà, ìwé tí a ti kọ ìdáhùn kún inú rẹ̀ kò ṣeé fi fún àbúrò, owó òbí ni ó sì ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Kí àwọn onílé-ìwé yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ oṣù Kẹsàn-án fún kíláàsì kìn-ín-ní, kí wọ́n sì kọ ogún òkúta wẹ́wẹ́ nínú àpò aṣọ sí ipò rẹ̀.