Èdè tí a ń sọ nídìí oúnjẹ

 Bí ẹ bá ń gbé Ìlú Ọba, tí ìsinmi iléèwé sì dé, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí Llanberis, ní àríwá Wales.

Ibẹ̀ ni ibi ìfọ́kúta Dinorwic wà. Wọ́n gé òkè náà ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, wọ́n sì ń la òkúta rẹ̀ pẹlẹbẹ láti fi bo òrùlé ilé. Nígbà kan, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ju 3,000 lọ. Wọ́n tì í pa ní ọdún 1969. Apá kan ilẹ̀ náà ti di ọgbà ìgbafẹ́ Padarn, UNESCO sì ka agbègbè náà mọ́ ogún àgbáyé ní 2021. Wọ́n ti mùsíọ̀mù ibẹ̀ fún àtúnṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó gbéra.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ jù ni ìtàn caban, ahéré tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn òṣèlú, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń fi ewì díje. Èdè Welsh ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láyé ìgbà náà, àwọn iléèwé kan ní Wales máa ń so igi mọ́ ọmọ tó bá sọ Welsh lọ́rùn. Àwa náà mọ irú ìyà yẹn: ta ni kò rántí owó ìtanràn nítorí Yorùbá nínú kíláàsì? Síbẹ̀, nínú ìkànìyàn ọdún 2021, ó ju ènìyàn 6 nínú 10 lọ tó ń sọ Welsh ní Gwynedd, agbègbè tí Llanberis wà.

Èrò tèmi ni pé kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé dára, ṣùgbọ́n kò tó. Èmi tí mo ń ṣírò owó jẹun mọ̀ pé wákàtí 1 nínú 168 kéré. Ẹ jẹ́ kí tábìlì oúnjẹ alẹ́ di caban tiwa. Ẹ fi Yorùbá bá wọn jiyàn bọ́ọ̀lù àti iléèwé. Bí wọ́n bá ṣì í sọ, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á ní ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ tòní nìyí: òkúta, òkè, òrùlé, iyàn. Ẹ fi wọ́n bi màmá tàbí bàbá yín ní ìbéèrè kan lálẹ́ yìí. Ó dàbọ̀ o.