Bí Server Eré Àwọn Ọmọ Bá Ń Fà: Kí Ẹ Tó Fi Owó Kún Un

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó kan àpò owó yín, ó sì kan àlàáfíà láàárín àwọn ọmọ yín.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ṣe eré Minecraft lórí kọ̀ǹpútà. Ní Sweden ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní kíkún ní ọdún 2011, Microsoft sì ra ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ní ọdún 2014. Nínú eré yìí, ọmọ a máa kọ́ ilé, a máa dáko, a sì máa sin adìẹ àti màlúù. Bí ọmọ márùn-ún bá fẹ́ jọ kọ́ ìlú kan náà, wọn yóò nílò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa tọ́jú ìlú náà. Èyí ni wọ́n ń pè ní server. Àwọn kan ń yá a lóṣooṣù, àwọn mìíràn ń lo èyí tí ó wà nílé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yóò wú búlọ́ọ̀kù kan kúrò, búlọ́ọ̀kù náà yóò tún padà sí àyè rẹ̀. Yóò ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ní tètè ṣí. Ẹ̀gbọ́n yóò ní àbúrò ni ó bà á jẹ́, àbúrò yóò ní ẹ̀gbọ́n ni. Lẹ́yìn náà wọn yóò tọ̀ yín wá pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa lówó kí a ra memory kún un." Kí ẹ tó na kọ́bọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, server Minecraft ń yípo iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbà 20. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní tick. Nínú tick kan, yóò wo ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró sí, yóò mú màlúù rìn, yóò mú ohun ọ̀gbìn dàgbà. Àkókò tí ó ní fún gbogbo èyí kò ju ìdá 50 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ó bá parí ní 30, yóò fi 20 tí ó kù sinmi, gbogbo nǹkan yóò sì máa lọ déédé. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbà á ní 100, ìgbà 10 péré ni yóò lè yípo, ayé inú eré náà yóò sì falẹ̀ dé ìdajì. Nítorí náà, kì í ṣe eré sísá ni à ń wá, bí kò ṣe pé kí iṣẹ́ tick kọ̀ọ̀kan má ṣe kọjá àkókò rẹ̀.

Ẹ wo ìyá alákàrà tí ó ń dá nìkan dín àkàrà nínú agbada kan. Bí oníbàárà bá pọ̀, tí ẹ wá ra tábìlì ńlá fún un, ǹjẹ́ àkàrà yóò tètè jinná bí? Memory ni tábìlì náà. Bí ó bá kéré jù, àyè yóò há lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó, àfikún kò ní mú ọwọ́ yá. Ọ̀pọ̀ jùlọ iṣẹ́ server yìí ni ó wà ní ìkáwọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Bí ọwọ́ yẹn ṣe yá tó ṣe pàtàkì ju iye ọwọ́ tí kọ̀ǹpútà ní lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ bèèrè pé, ta ni eré ń fà fún? Bí ó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tirẹ̀ tàbí íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kí ó tẹ F3, yóò rí iye àwòrán tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Server kì í ya àwòrán fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn ni, server ni. Kí ẹni tí ó ní àṣẹ lórí rẹ̀ kọ /tick query, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2023, yóò sì rí àkókò tí tick kọ̀ọ̀kan ń gbà.

Bí ó bá ju 50 lọ, ẹ dín ẹrù kù. Nínú ìwé ètò tí ń jẹ́ server.properties, ẹ wá view-distance. Bí ó bá wà ní 10, ilẹ̀ tí server ń mú dání yí ọmọ kan ká lè tó ègé 441. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 6, yóò di 169. Ẹ dín simulation-distance náà kù, nítorí òun ni ó ń sọ bí ibi tí ẹranko ti ń rìn àti ibi tí oko ti ń dàgbà yóò ṣe jìnnà tó. Kí àwọn ọmọ má ṣe kó ọgọ́rùn-ún adìẹ sínú ọgbà kan, nítorí adìẹ kọ̀ọ̀kan ni server ń ṣiṣẹ́ fún. Bí gbogbo wọn bá sì túká lọ wá ilẹ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, server yóò rẹ̀, nítorí dídá ilẹ̀ tuntun jẹ́ iṣẹ́ ńlá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìlú náà pamọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí wọ́n yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n wò kí wọ́n tó yí èkejì. Bí wọ́n bá ti ṣe gbogbo èyí, tí tick sì ń kọjá 50 síbẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ ronú owó. Kí owó náà sì lọ sórí ọwọ́ tí ó yá, kì í ṣe sórí tábìlì.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìlú àwọn ọmọ mọ ní ìwọ̀n agbára server wọn, ìjà ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yóò sì rọlẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.