Ohun tí àlejò rí l'Ábẹ́òkúta, àti àdéhùn tí kò dúró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà wáyé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, ọdún 2025, Abẹ́òkúta kún fún àlejò. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀lé irú èyí ni pé: kí ni wọn yóò sọ nípa wa tí wọ́n bá délé?

Ìbéèrè náà kì í ṣe tuntun fún Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1859, aláwọ̀ dúdú méjì wọ Abẹ́òkúta láti òkè òkun. Robert Campbell, olùkọ́ tí wọ́n bí ní Jamaica, ló kọ́kọ́ dé. Martin Delany, oníṣègùn láti Amẹ́ríkà, sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Òwò ẹrú ṣì ń jà ràn-ìn ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ibi tí àwọn ènìyàn wọn yóò ti rí ìsinmi ni wọ́n ń wá.

Àwọn méjèèjì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1861. Campbell ròyìn oko, ọjà, aṣọ híhun, aró rírẹ àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì sọ bí ìkíni ṣe pọ̀ tó lẹ́nu àwọn Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1861 kan náà, òyìnbó aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Burton, ṣàbẹ̀wò sí ìlú yìí. Ìwé tirẹ̀, tó jáde ní 1863, kún fún ìdọ̀tí ìgboro àti ọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn olóyè. Ìlú kan náà ni o! Àwọn ti àkọ́kọ́ ń wá ilé. Ti ìkejì jẹ́ ìránṣẹ́ ìjọba tó gba Èkó lọ́dún náà gan-an. Ohun tí àlejò bá wá ni ojú rẹ̀ ń rí.

Ṣùgbọ́n ìròyìn àlejò kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀, àdéhùn ni. Ní ọjọ́ 27, oṣù kejìlá, ọdún 1859, Aláké Okùkẹ́nù àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ọmọ Áfíríkà láti Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì lò. Àwọn àlejò yóò mú ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá, wọn yóò sì bọ̀wọ̀ fún òfin ìlú. Samuel Àjàyí Crowther àti ọmọ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Kò pẹ́ tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere tó dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ nínú oṣù kan náà, takò ó. Nígbà tó fi di 1861, àwọn ìjòyè ti sẹ́ ẹ. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Delany di ọ̀gá sójà níbẹ̀, ètò náà sì dòfo. Campbell nìkan ló padà wá gbé Èkó, tó ń tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló fa á? Àdéhùn náà kò dárúkọ ibì kan pàtó, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí. Ohun tí a kò là yé ara ẹni kò ṣòro láti sẹ́.

Èyí kan àwọn tó wà lábúlé lónìí. Ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń fẹ́ ra ilẹ̀ sílé, àwọn àjèjì náà ń bọ̀. Òfin tí ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2016 láti dènà fífipá gba ilẹ̀ wà nílẹ̀, àmọ́ òfin kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ tó dájú. Kí ẹbí péjọ, kí wọ́n fi ààlà hàn, kí gbogbo ẹni tó nípìn-ín fọwọ́ sí i, kí ìwé sì wà lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì. Àlejò yóò sọ tirẹ̀ tó bá délé. Àwọn ọmọ wa ni yóò máa gbé orí ilẹ̀ náà.