Òrùlé Ló Yẹ Kó Ṣáájú: Lẹ́tà Gbangba sí Mẹ́yọ̀ Ìlú Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin Mẹ́yọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ilé Àgùdà (ilé àwọn tó ti Brazil wá) tó ń wó ní àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́, Porto-Novo, ni mo bá wá. Láti 1996 ni orílẹ̀-èdè Benin ti kọ àdúgbò wọ̀nyí sínú ìwé ohun tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kì í gba òjò dúró. Ilé Ilọ́jọ̀, ilé Àgùdà kan ní Tinúbú, l'Ékòó, ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, omi ni katakata tiwa. Ògiri amọ̀ ni ilé wọ̀nyí, ẹfun ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, òun náà ni wọ́n fi ya òdòdó sórí fèrèsé. Bí páànù bá bò ó dáadáa, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí páànù kan bá ṣí, omi á gba orí ògiri wọlé, amọ̀ á rọ̀, igi àjà á jẹrà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á já lulẹ̀. Ẹni tó bá sì fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ ló tún dá kún un: omi tó ti wọnú ò ráyè jáde, ògiri á máa kú lábẹ́ ọ̀dà tuntun (àlejò á sì máa ya fọ́tò rẹ̀).

Wọ́n á ní ilé ẹbí ni, kí ẹbí tún un ṣe. Ẹbí wo? Àwọn kan wà ní Kùtọnu, àwọn kan l'Ékòó. Ta ni yóò fi owó ara rẹ̀ kan òrùlé ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan? Ìlú nìkan ló lè tú okùn yìí: kó kan òrùlé, kó bá ẹbí tọwọ́ bọ̀wé pé bí wọ́n bá wó ilé tàbí tà á, owó á padà. Àwọn mìíràn á ní owó òwò ẹrú ló kọ́ àwọn ilé náà. Òótọ́ ni, fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹrú ní Bahia, ní Brazil, náà padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì níbẹ̀ ní 1835, wọ́n sì kọ́lé. Mọ́sáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tí iwájú rẹ̀ dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, kò ní jẹ́ ká fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ìtàn náà.

Kí òjò tó ń bọ̀ tó dé, ẹ rán kafinta àti bíríkìlà káàkiri, kí wọ́n kọ gbogbo ilé tó ń jò sílẹ̀, kí ẹ sì fi owó páànù sínú ètò ìṣúná.