Ẹ Jẹ́ Ká Dá Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Wa Padà Sára Pátákó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ gbogbo yín nínú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú sí mi.

Ní sáà tó kọjá, mo ka ìtàn ọkùnrin kan ní láíbìrì. Herbert Messenger lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Dally ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìlú Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1883. Rọ́gíbì ló ń gbá, bọ́ọ̀lù tó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ yẹn, tí wọ́n máa ń gbé mọ́ra sáré. Ó lè dúró lọ́nà jíjìn kó gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó kọjá. Àwọn ará Sydney ń tìtorí rẹ̀ nìkan wá sí pápá. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn aláṣẹ rugby union kì í jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù gba owó. Àwọn èrò ń sanwó wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèṣe yóò fi owó ara rẹ̀ wo ara rẹ̀ ni. Ní 1907, ọ̀kan nínú wọn, Alex Burdon, ṣèṣe débi pé kò lè ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, kò sì rí owó gbà-máà-bínú kankan gbà. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn èèyàn nínú, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ rugby league tuntun sílẹ̀ ní Sydney. Ẹni 13 ló ń gbá a níhà kọ̀ọ̀kan, iye ọdún mi gẹ́lẹ́! Messenger bá wọn lọ. Lọ́dún náà, òun ọmọ Ọsirélíà bá ikọ̀ New Zealand lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di balógun Eastern Suburbs, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní 1911, 1912 àti 1913, kó tó fẹ̀yìn tì.

Kí làwọn aláṣẹ àtijọ́ ṣe? Wọ́n lé e títí ayé, wọ́n sì pa gbogbo àmì tó ti gbà fún wọn rẹ́ kúrò nínú ìwé. Ó di 2007 kí wọ́n tó dá a padà, ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Messenger sì ti kú láti 1959. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, pátákó tó wà lára ògiri yàrá ẹgbẹ́ wa ló wá sí mi lọ́kàn.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni mẹ́ta ló gba ife àkọ́kọ́ wá fún ẹgbẹ́ yìí níbi ìdíje àròyé. Orúkọ méjì péré ló kù lára pátákó. Ìkẹta ti wà lábẹ́ ọ̀dà, nítorí pé ẹ̀gbọ́n náà fi wá sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn nígbà tí ìdíje míì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní purọ́, èmi náà bínú. Èmi gan-an ni mo di agolo ọ̀dà mú nígbà tí wọ́n ń kùn ún.

Àwọn kan á ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n á ní a ò pọ̀ nílé-ìwé yìí, pé Háúsá ni wọ́n ń sọ yí wa ká, pé ẹni tó bá fi wá sílẹ̀ pa wá lára. Òótọ́ ni, ó dùn wá, a sì pàdánù ìdíje yẹn. Ṣùgbọ́n ìlọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ife tó gbà lọ́tọ̀. Pátákó yẹn kì í ṣe ìwé àwọn tá a fẹ́ràn, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ JSS1 kan bi mí pé, "Ṣé ẹni méjì péré ló lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún un, ọ̀dà yẹn ló kọ́ mi.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ náà padà kí sáà yìí tó parí, kí ẹ̀gbọ́n wa tó ṣe ìdánwò àṣejáde kó lọ. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀ọ́n. Èmi tí mo di ọ̀dà mú lọ́jọ́sí náà ni mo fẹ́ dì í mú lọ́tẹ̀ yìí.