Ta Ni ‘Èmi’ Nínú Ìtàn Èbúté Abidjan?

Ní ọdún 1950 ni wọ́n la ọ̀nà omi Vridi já, tí omi òkun àti omi ọ̀sà Ebrié sì pàdé ara wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ojú agbami ni ọkọ̀ ńlá ń dúró sí. Orí afárá gígùn tí wọ́n nà wọ inú òkun, ní Grand-Bassam lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Port-Bouët, ni wọ́n ti ń kó ẹrù wọn. Ọ̀nà omi tí kò gùn tó kìlómítà 3 yìí ni ó bí èbúté ńlá tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ lónìí sí Port autonome d'Abidjan. Kòkó, kọfí àti gẹdú ń ti ibẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ sì pe èrò: láti Niger, láti Mali, láti Upper Volta tí ó ti di Burkina Faso, láti Dahomey tí ó ti di Benin. Àwọn oníṣòwò Ẹjìgbò náà kò gbẹ́yìn. Ìrìn àjò wọn sí Abidjan ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní ọjà Ẹjìgbò fúnra rẹ̀.

Lára àwọn aláàárù tí ó ru ẹrù ní èbúté yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Niger kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oumarou Ganda. Ó ti ja ogun Indochina fún Faransé kí ó tó dé Abidjan. Jean Rouch, ọmọ Faransé tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà àwọn ẹ̀yà, ni ó fi òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya fíìmù kan ní Treichville, àdúgbò tí ó fara ti èbúté. Fíìmù náà parí ní ọdún 1958. Àkọlé rẹ̀ ni Moi, un Noir, èyí tí í ṣe ‘Èmi, Ènìyàn Dúdú’. Inú rẹ̀ ni a ti rí wọn tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ojúmọ́, tí wọ́n ń ru àpò, tí wọ́n ń lọ sí etí òkun lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n ń mutí, tí wọ́n sì ń lálàá àtidi akànṣẹ́. Orúkọ àwọn gbajúmọ̀ inú sinimá ni wọ́n ń jẹ́: Ganda ń jẹ́ Edward G. Robinson, ẹnìkejì rẹ̀ ń jẹ́ Eddie Constantine, òmíràn ń jẹ́ Tarzan. Kámẹ́rà tí Rouch lò kò gba ohùn. Lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán tán ni Ganda jókòó síwájú rẹ̀, tí ó ń wò ó, tí ó sì ń sọ ohun tí ó bá wá sí i lọ́kàn ní èdè Faransé. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Louis Delluc. Láti ìgbà náà títí di òní, ohun tí ìwé ìmọ̀ sinimá fi ń kọ́ni ni pé ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìlú ńlá Áfíríkà ti kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú agbo ayé.

Ìdajì òótọ́ ni èyí, ìdajì tí ó kù ni ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ èdè mú lọ́kùn-únkúndùn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti kọ́ gírámà Yorùbá ni ó mọ̀ pé ‘mo’ yàtọ̀ sí ‘èmi’. ‘Mo ru ẹrù’ jẹ́ ìròyìn lásán. ‘Èmi ni mo ru ẹrù’ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn lè bá òun du ohun tí òun ṣe. Èdè Faransé náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Je wà níbẹ̀, moi sì wà níbẹ̀. Moi ni wọ́n fi sí iwájú fíìmù náà, ‘èmi’ tí ó le, ‘èmi’ tí ń jà fún ohun tí í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú àwòrán, tí ohùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀, ni a rò pé ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó tẹ̀lé àkọlé náà nínú gbogbo ìwé ni ti Rouch. Òṣèré ni wọ́n ń pe Ganda. Ẹni tí ó dá gbogbo gbólóhùn inú fíìmù kan sílẹ̀ láti inú ìrírí ara rẹ̀, láìsí ìwé tí ó ń kà, tí ó sì tún fi ìtàn ogun tí ó jà kún un, òun ni wọ́n ń pè ní òṣèré. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìjálá tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ, olùkọ́ rẹ̀ kò ní gbà á.

A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sùn tí kò tọ́ kan Rouch. Ó fi ibi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ganda nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ohùn ara wọn bo gbogbo àwòrán tí wọ́n yà ní Áfíríkà. Ousmane Sembène, tí ó bá a jiyàn lójúkojú ní ọdún 1965, tí ó sì sọ fún un pé ó ń wo àwọn ènìyàn dúdú bí ẹni ń wo kòkòrò, yọ fíìmù yìí sọ́tọ̀. Ó ní ọmọ Áfíríkà ìbá lè ṣe irú rẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tí ààyè gbà nínú wọn nígbà náà. Kí ni ó fa àìsí ààyè yìí? Kì í ṣe òye ni kò sí. Láti ọdún 1934 ni òfin tí orúkọ mínísítà Laval wà lára rẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù tàbí gba ohùn sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ Faransé ní Áfíríkà kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tí ó bá ń yin ‘ohùn tí a fún’ aláàárù èbúté gbọ́dọ̀ sọ bákan náà pé òfin kan ti kọ́kọ́ gba ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sembène mọ ohun tí ó ń sọ, nítorí pé aláàárù èbúté ni òun náà ní Marseille. Ọdún 1956, ọdún méjì kí fíìmù Rouch tó jáde, ni ó tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Le Docker noir. Aláàárù ará Senegal kan tí ń jẹ́ Diaw Falla kọ ìwé. Ó fi lé obìnrin oǹkọ̀wé Faransé kan lọ́wọ́ kí ó bá òun wá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ọ̀ràn di ti ilé ẹjọ́, ohun tí kò yé àwọn adájọ́ ni pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn alárìíwísí kan ní àsọdùn ni. Kò sí àsọdùn níbẹ̀. Ohun tí ìwé náà rí ni pé ẹni tí ń ru ẹrù kì í di oníǹkan lójú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ẹrù náà.

Ohun tí Ganda ṣe lẹ́yìn èyí ni ó dáhùn ìbéèrè ta ni ‘èmi’ ju gbogbo àlàyé àwọn onímọ̀ lọ. Ó padà sí Niger, ó kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà, nígbà tí ó sì di ọdún 1968, ó ṣe fíìmù tirẹ̀, Cabascabo. Jagunjagun kan ni ó dé láti Indochina, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe ẹni náà. Ojú kan náà ni, ogun kan náà ni. Ahọ́n ni ó yí padà: èdè Zarma ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, fíìmù rẹ̀ Le Wazzou polygame gba ẹ̀bùn Étalon de Yennenga àkọ́kọ́ ní FESPACO ní Ouagadougou. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń fi Moi, un Noir kọ́ni kì í fi Cabascabo ṣe èkejì rẹ̀.

Àjèjì ni Ganda ní Abidjan ṣá o. Àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀ kí èbúté tó dé, ipò tiwọn nínú ìwé sì burú ju tirẹ̀ lọ. Ebrié ni ayé ń pè wọ́n, Ebrié ni wọ́n ń pe ọ̀sà wọn, orúkọ tí àwọn mìíràn sọ wọ́n sì ni. Tchaman ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí a bá bèèrè ìtumọ̀ Abidjan, ìtàn kan tí ó ti di ti gbogbo ayé ni a ó gbọ́: òyìnbó kan pàdé ará oko kan tí ó ru ewé, ó bèèrè orúkọ ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè náà kò yé onítọ̀hún, ó sì dáhùn pé ibi tí òun ti lọ já ewé ni òun ti ń bọ̀. Òyìnbó kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé, ó di orúkọ. Ìtàn dídùn ni, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bidjan ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀rí ẹ̀yà Tchaman, àwọn tí Adjamé, Cocody, Attécoubé àti Anoumabo jẹ́ abúlé wọn. Àwọn ènìyàn tí ó ní orúkọ ni ìtàn náà sọ di òpè tí kò gbọ́ ìbéèrè, tí ó wá sọ ìlú wọn di àṣìgbọ́ òyìnbó. Ta ni yóò gbà kí wọ́n fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀ nípa Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta?

Àwọn Bidjan yìí kan náà ni wọ́n ni Djidji Ayôkwé. Ìlù ńlá tí wọ́n gbẹ́ láti inú ìtì igi ni, kò ní awọ, gígùn rẹ̀ ju mítà 3 lọ, ó sì wúwo ju 400 kìlógíráàmù lọ. Ó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Faransé bá ń bọ̀ wá kó ọkùnrin fún iṣẹ́ tipátipá, ìlù náà ni ó ń kéde fún àwọn abúlé kí wọ́n tètè wá ibi forí pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ fi gbà á ní ọdún 1916, tí wọ́n sì kó o lọ sí Paris ní nǹkan bí ọdún 1930. Ní ọdún 2021 ni Ààrẹ Macron ṣèlérí pé yóò padà. Oṣù Keje ọdún 2025 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fọwọ́ sí òfin tí ó yọ ọ́ kúrò nínú ohun ìní ìjọba wọn.

Ayọ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí òfin náà mẹ́nu bà: igi ni. Ẹni tí ó bá mọ dùndún mọ̀ pé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ inú èdè ni ìlù ń sọ, pé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ dídún rẹ̀ kí ó má gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Djidji Ayôkwé. Wọ́n gbà á nítorí ohun tí ó ń sọ, èdè Tchaman ni ó sì fi ń sọ ọ́. Ìlú tí ó yí àwọn tí ń sọ èdè náà ká ti kún dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, Faransé ni iléèwé ń lò, Faransé àti Júlà ni ọjà ń ná. Àwọn tí ń fi ìrìn àjò ìlù náà ṣe fíìmù, tí wọ́n ń fi kọ ìwé fún àwọn ọmọdé, ní láti dáhùn bóyá ọ̀rọ̀ Tchaman wà nínú iṣẹ́ wọn, tàbí bóyá dídún lásán ni wọ́n gbé lọ.

Àwọn kan yóò ní èdè kékeré kò lè bọ́ ẹni tí ó ń ta ìwé, pé Faransé ni ó ń jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Ahmadou Kourouma gbìyànjú ọ̀nà yìí: ó fi ìmí èdè Malinké sínú Faransé nínú Les Soleils des indépendances. Àwọn atẹ̀wé Faransé kọ̀ ọ́. Montréal ni ó ti kọ́kọ́ jáde ní 1968. Fágúnwà ti fi Yorùbá kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ láti 1938. Ní 1968 kan náà ni ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì jáde. Èdè oníǹkan kọ́kọ́ jáde, ti àlejò tẹ̀lé e, ọgbọ̀n ọdún sì ni ó wà láàárín wọn. Ta ni ó lè sọ pé ayé kò gbọ́ ti Fágúnwà nítorí èyí?

Àtakò kan wà tí ó wúwo ju ti owó lọ. Ní Côte d'Ivoire, ọ̀rọ̀ ‘onílẹ̀’ ti pa ènìyàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ọdún tí fíìmù Rouch parí gan-an, wọ́n dojú ìjà kọ àwọn ará Dahomey àti Togo ní Abidjan, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ. Ní àkókò Ààrẹ Bédié, láàárín 1993 sí 1999, èrò tí wọ́n ń pè ní ivoirité tún gbérí, ó sì wà lára ohun tí ó ti orílẹ̀-èdè náà sínú ogun ní 2002. Ará Ẹjìgbò tí ó bá ka ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ní Abidjan ní ìdí láti bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lo ọ̀rọ̀ yẹn bí kùmọ̀ ń jà fún ipò àti iṣẹ́. Kò sí èyí tí ó béèrè pé kí wọ́n kọ ìwé ní èdè Tchaman. Ẹ̀tọ́ sí ìtàn ẹni kò lé àlejò jáde. Ganda jẹ́ àlejò ní èbúté, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì dín kù nítorí èyí.

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn olóòtú ìwé ni apá kan iṣẹ́ yìí wà, kò sì nílò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan. Nínú àtúntẹ̀ èyíkéyìí, kí wọ́n kọ orúkọ Oumarou Ganda sí ẹ̀gbẹ́ ti Rouch gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ inú Moi, un Noir. Kí àkọsílẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Djidji Ayôkwé níbikíbi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí kọ́kọ́ wà ní èdè Tchaman, kí Faransé wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ojú ìwé tí ó ń sọ bí Abidjan ṣe gba orúkọ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu àwọn ará Bidjan; bí ààyè bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, wọ́n lè fi ìtàn ewé síbẹ̀, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ó wúlò fún.